Òdòdó Méje Tó Ṣẹ́kù

Ọjọ́ Ajé, 9 Méè 1977

Mo padà sí iléèwé lónìí. Hẹ́dimásítà ní kí n lo ọ̀sẹ̀ kan sí i nílé, mo ní rárá. Ilé ni ó ń pa mí. Ọmọ mẹ́tàléláàádọ́ta ni wọ́n kó sí kíláàsì mi láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí ti dé, ariwo wọn kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo ń bọ̀ láti Ìsọlọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Bọ́ládé bí mo ti máa ń ṣe, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò fẹ́ sọdá títì. Mo dúró síbẹ̀ títí obìnrin kan tí ń ta ọsàn fi dìde, ó fà mí lọ́wọ́ sọdá bí ẹni ń fa afọ́jú. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó jọ pé ó mọ̀ mí. Gbogbo àwọn tí ń tajà níbẹ̀ ni ó ṣojú wọn lọ́jọ́ náà.

Ìyá Táòfíkì tí yàrá wọn kọjú sí tiwa kí mi lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Rùfáì."

Ìyá Rùfáì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jẹ́ Ìyá Wàsílátù. Rùfáì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìwó, ni wọ́n wá fi ń pè mí báyìí, kí wọ́n má baà dárúkọ ẹni tó lọ sí mi létí. Mo mọ̀ pé àánú ni. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 Méè

Òjò láti àárọ̀. Kò síná. N kò jẹun.

Àbámẹ́ta, 14 Méè

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé lónìí.

Bàbá rẹ̀ ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí kí wọ́n pín in fún àwọn tí kò ní. Ó kó bàtà rẹ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó ká ẹní rẹ̀. Ojú kan ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ẹ̀yìn ọjà. Ohun méjì ni kò rí kó, nítorí pé ìsàlẹ̀ àpótí mi ni wọ́n wà. Èmi ni mo fi wọ́n pamọ́ síbẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má kọ ọ́ mọ́. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo ní kí ó máa ṣọ́ ọ. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ya àwòrán òdòdó. Ẹ̀wà jóná. Mo gba agolo pẹ́ńsù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ìwé àwòrán rẹ̀, mo ní kò ní fojú kàn wọ́n mọ́ títí yóò fi ṣèdánwò tán. Sítóòfù sì ti gbẹ. Mo rán an ní kẹrosíìnì ní Bọ́ládé. Ó gbé gálọ́ọ̀nù, ó jáde. Mo pariwo tẹ̀ lé e pé, "Má pẹ́ níbẹ̀ o!"

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọmọ mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọkọ̀ tí ó gbá a kò dúró.

Lónìí ni mo ṣí agolo náà. Pẹ́ńsù aláwọ̀ mẹ́rìnlélógún, irú èyí tí ń yọ́ bí omi bá kàn án. Bàbá rẹ̀ ni ó rà á fún un ní ọdún tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Udójì, tí oníkálùkù ń ra rédíò, tí ń ra fáànù. Èyí tó pupa ni ó kúrú jù. Ó ti fi eyín jẹ ìdí èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ní ẹ̀yìn ìwé náà, ó kọ orúkọ òdòdó mọ́kànlá, gbogbo èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ́yìnkùlé wa. Ó ti fàmì sí mẹ́rin. Ó ku méje.

Àìkú, 15 Méè

Mo jókòó sí ibi tí ó máa ń jókòó. Òdòdó hàìbísíkọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ dán wò, lórí ìwé mìíràn. Ó dàbí ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹnìkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wá rántí pé ó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi kún un. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, mo fi kan ibi tó pupa.

Ó ṣàn. Ó tàn ká gbogbo ojú ìwé.

Mo pa ìwé náà dé, mo wọlé. N kò lè jáde mọ́ lónìí.

Ọjọ́rú, 18 Méè

Mísì Adéjùmọ̀kẹ́, ẹni tó ń kọ́ wọn ní àwòrán yíyà níléèwé Wàsílátù, wá kí wa. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì lè pé ọgbọ̀n ọdún. Ó sunkún kí èmi tó sunkún. Nígbà tí ó fara balẹ̀, ó ní wọn yóò ṣe àfihàn iṣẹ́ àwọn ọmọ ní 15 Júláì, òun sì fẹ́ gbé ìwé òdòdó Wàsílátù síbẹ̀, bí ó bá ṣì wà.

"Ó wà," mo wí.

"Mẹ́rin tó ti yà yẹn tó, Mà. Wọ́n dára."

"Mọ́kànlá ni ó kọ sílẹ̀. Mọ́kànlá lẹ máa rí."

Ó wò mí títí. "Ṣé ẹ mọ àwòrán yà ni, Mà?"

"N kò mọ̀ ọ́n yà. Ẹ kọ́ mi."

Ó sún mọ́ mi, ó jókòó tì mí. Ó ní kí n má tẹ pẹ́ńsù náà mọ́lẹ̀, kí n máa rọra fi kan ìwé bí ẹni ń fi àtíkè kan ojú ọmọ tuntun. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń fi sí i, èyí tó ṣú a tẹ̀ lé e. Búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ mu omi yó. Bí ó bá gbẹ, kí n tún fi kún un. Bí kò bá tíì gbẹ, kí n dáwọ́ dúró.

Bí ó ti ń lọ, ó ní, "Ó máa ń sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà kó dúró ṣánṣán. Pé ibẹ̀ lọwọ́ òun ti tọ́."

Wàsílátù pè mí lọ́pọ̀ ìgbà: "Màámi, ẹ wá wò ó." Mo máa ń ní mò ń bọ̀.

Àbámẹ́ta, 21 Méè

Hàìbísíkọ́ọ̀sì, mo yà á tán sínú ìwé rẹ̀. Ó burẹ́wà. Ṣùgbọ́n òdòdó ni, ẹni tó bá rí i yóò mọ̀. Ó ku mẹ́fà.

Ẹtì, 27 Méè

Tannápoṣó kì í là lọ́sàn-án. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo ń sáré lọ síbẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ni mo ní kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà, kí ilẹ̀ tó ṣú. Igi kan ṣoṣo, òmíràn pupa lórí rẹ̀, òmíràn yẹ́lò, òmíràn pín ara rẹ̀ sí méjì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti wà lórí rẹ̀.

Lónìí, Bàbá wọn dé bá mi níbẹ̀, àwọ̀ ọwọ́ mi ti ta sí aṣọ mi.

"Ìsíátù, kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Òun náà kò pè mí ní Ìyá Wàsílátù mọ́. Kò sì pè mí ní Ìyá Rùfáì. Orúkọ mi ni ó padà sí, bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra.

"Mò ń ya òdòdó."

"Òdòdó." Ó wo ìwé náà, ó mọ̀ ọ́n, ó gbójú kúrò. "Mo fẹ́ hú gbogbo igbó yìí. Mo ti bá onílé sọ ọ́. Mo fẹ́ fi síméńtì tẹ́ ẹ."

"Ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n tán ná."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n yà wọ́n tán."

Ó wọlé. Ó ti lé ní oṣù kan tí èmi àti òun kò tíì jọ sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, 3 Júùnù

Ogójì ọjọ́ pé lánàá. Àwọn alùfáà wá ṣàdúà, a ṣe sàárà. Alùfáà àgbà rí àwọ̀ ní ìka mi. Mo bi í léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ní, "Ohun ẹlẹ́mìí ni a kì í yà. Òdòdó kọ́." Ó tún wo ìka mi. "Ẹ máa yà á, Ìyá."

Ọjọ́rú, 8 Júùnù

Àbàmọ̀dá. Òdòdó rẹ̀ dorí kodò bí aago kéékèèké. Mo pa á rẹ́ ní ìgbà márùn-ún títí ojú ìwé fi ń ya.

Àbámẹ́ta, 11 Júùnù

Gàrí tún ti gbówó lórí. Ní ọjà, wọ́n ní owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú bí iyanrìn. A kò mọ ilé tí ó gbà. Mo ra tòmátì díẹ̀, mo ra ata. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ẹja tí Wàsílátù fẹ́ràn. Mo ti ń ná an kí n tó rántí.

Àbàmọ̀dá ti parí. Ó ku mẹ́rin.

Ìṣẹ́gun, 21 Júùnù

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú òní.

Lálẹ́ àná mo ya òdòdó kẹjọ tán, mo ṣí ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì lábẹ́ fèrèsé kí ó lè gbẹ. Láàárọ̀, ọ̀run mọ́ kedere. Mo fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo lọ síṣẹ́. Nígbà tó di bí aago mọ́kànlá, ìjì dé. Láti kíláàsì ni mo ti rántí. Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún tíṣà kejì, mo sáré jáde láìmú agboòrùn. Ọkọ̀ kò tètè dé. Nígbà tí mo fi máa dé ilé wa ní Máfolúkù, ó ti ju wákàtí kan lọ.

Afẹ́fẹ́ ti ṣí ìwé náà padà sí iwájú. Tèmi wà ní ìsàlẹ̀, omi kò kàn wọ́n. Tirẹ̀ ni ó wà lókè. Ròósì rẹ̀, èyí tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì yà, ti di omi pupa kan báyìí, kò sí ewé, kò sí ẹ̀gún, kò sí nǹkan kan. Òdòdó ìdò tó tẹ̀ lé e ti ṣàn wọ inú ewé tirẹ̀. Méjì yòókù fara pa díẹ̀.

Èyí tí mo fi ọwọ́ wíwọ́ yà ni kò bàjẹ́. Tirẹ̀ ni omi gbé lọ.

N kò mọ ariwo tí mo pa. Ìyá Táòfíkì ni ó sáré wọlé, ó di mí mú, ó rò pé ẹlòmíràn tún kú ni. N kò lè ṣàlàyé. Òun ni ó rán ẹnìkan lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá wọn, níbi tí ó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò.

Ó dé, ó bá mi ní ilẹ̀. Ó wo tábìlì. Kò bá mi wí. Ó jáde, mo gbọ́ tí ó ń dáná èédú. Ó gbé áyọ́ọ̀nù wọlé, ó tẹ́ aṣọ funfun tí ó fi ń kírun sórí ojú ìwé kìn-ín-ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ̀ ọ́, ó rọra ń ṣe é, ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Ojú ìwé kan, òmíràn. Nígbà tí ó kan ròósì náà, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Mo rò pé tí mi ò bá rí nǹkan rẹ̀ kan nínú ilé yìí," ó wí, "á dàbí pé ó wà níléèwé ni, pé kò tíì dé."

Mo ní, "Èmi ni mo rán an níṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀. Ìjà la jà. Mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀. Tìbínútìbínú ni ó fi jáde. Bóyá kò wo títì."

Èédú ń ta nínú áyọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, kí ó tó dé Bọ́ládé. Ó ní, 'Bàbá, ẹ bá mi bẹ Màámi, mo jẹ́ kí ẹ̀wà jóná.' Mo ní kí ó máa lọ, pé oníbàárà wà níwájú mi. N kò gbójú sókè wò ó."

Ó ti gbé e sínú láti ọjọ́ yẹn. Èmi náà gbé tèmi. Inú yàrá kan náà.

Ó jókòó sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i kí ó sunkún. Nígbà tí ó ṣe, ó nu ojú, ó ní, "Dìde, Ìyá Wàsílátù. Ìwé náà kò tíì gbẹ tán."

Ọjọ́bọ̀, 23 Júùnù

Mísì Adéjùmọ̀kẹ́ ní òun lè bá wa tún ròósì náà yà, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Bàbá Wàsílátù ni ó fèsì kí n tó lanu: "Rárá o. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Àìkú, 26 Júùnù

Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní gbogbo ọ̀sán. Ọkọ mi di agboòrùn mú lé mi lórí bí mo ti ń yà. Èjìká rẹ̀ kan rin ṣinṣin. Àwọn ará ilé ń yọjú ní fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Táòfíkì ní, "Ẹ wo tọkọtaya o!" Ó ní kí ọkọ mi lọ mú agboòrùn kejì fún ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni ojú tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ síméńtì mọ́. Ó ti ro abẹ́ gbogbo òdòdó náà.

Ó ku méjì.

Ẹtì, 8 Júláì

Lílì ni ó gbẹ̀yìn. Funfun ni, ìwé náà sì funfun. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wò ó tí n kò fọwọ́ kan nǹkan. Mísì Adéjùmọ̀kẹ́ ní kí n gbàgbé òdòdó náà, kí n ya ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí n ya ewé, kí n ya òjìji, kí n má kàn án. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri wa ni mo yà, pẹ̀lú sísán ara rẹ̀ àti ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti bó. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, lílì ti dúró láàárín.

Ó dára. Òun nìkan ni ó dára nínú méje mi.

Mo fàmì sí orúkọ tó kẹ́yìn. Mo rò pé ara yóò tù mí. Kò tù mí. Nígbà tí ó ṣì ku ọ̀kan, ó ní ohun tí a jọ ń ṣe, èmi àti Wàsílátù.

Ẹtì, 15 Júláì

A wọṣọ, a lọ. Wọ́n ti ya ojú ìwé náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ní ìlà kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lókè. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń wá kí wa lórí ìkúnlẹ̀, wọn kò lè wo ojú mi. Ọ̀kan nínú wọn, Olúfọlákẹ́, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó, kúnlẹ̀, kò lè dìde mọ́. Èmi ni mo gbé e dìde.

Obìnrin kan tí ó wọ léèsì olówó iyebíye dúró pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ níwájú àwòrán wa. Kò mọ̀ wá. Ó ń wò ó láti òpin kan dé òpin kejì. Ó ní, "Kí ló dé tí díẹ̀ dára báyìí, tí ìyókù dàbí iṣẹ́ ọmọdé?"

Mo ní, "Ọmọ ló ya àwọn tó dára. Ìyá ló ya ìyókù."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá wo ojú mi, ó wo ojú ọkọ mi, ẹ̀rín náà kú. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi jáde.

Àìkú, 17 Júláì

Akọ̀wé wá kí wa. Gàfárù ni, àbúrò ọkọ mi. Akọ̀wé ni orúkọ tí mo fún un lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé ọkọ. Òun ni ó ṣáájú àwọn ọkùnrin tó lọ sin Wàsílátù. Nígbà tí Bàbá Wàsílátù lọ kírun, mo jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ibo lẹ sin ín sí?"

Ara rẹ̀ bù máṣọ. "Àǹtí, ẹ má bi mí ní ìyẹn. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi han ìyá ọlọ́mọ."

"Mo mọ̀."

"Ó wà níbi tó dáa. Àwa la gbẹ́ ẹ."

"N kò ní kí ẹ mú mi lọ. Kí ló hù síbẹ̀?"

"Kí ló hù?"

"Òjò ti rọ̀ láti oṣù mélòó. Ilẹ̀ kò lè wà ní òfìfo. Kí ló hù sí orí ọmọ mi?"

Ó ní òun kò tíì padà síbẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní òun kò lè padà síbẹ̀, pé òun ni òun gbé e lé apá, pé ó fúyẹ́. Mo jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

"Ẹ bá mi lọ wò ó," mo wí.

Àbámẹ́ta, 23 Júláì

Oṣù mẹ́ta.

Gàfárù dé ní kùtù, kò jókòó, kò mu omi. Ìwé ìròyìn ni ó fi wé nǹkan náà. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ méjèèjì.

"Èyí nìkan ni, Àǹtí. Ó bo gbogbo ibẹ̀. Kò síbi tó hàn."

Imí-eṣú ni, pẹ̀lú gbòǹgbò àti erùpẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kéékèèké, bí òwú tí wọ́n rẹ sínú aró tí kò tíì mu ún dáadáa. Èyí tí a máa ń tu dànù ní ojoojúmọ́ ayé, tí ewúrẹ́ ń jẹ.

Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo yà á. N kò kánjú. Mo ya ewé rẹ̀ tó ní irun lára, mo ya gbòǹgbò rẹ̀, mo ya erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Pẹ́ńsù mẹ́ta ni mo lò fún erùpẹ̀ náà, mo fi omi kàn án, mo dúró kí ó gbẹ, mo tún fi kún un, títí ó fi jọ ọ́. Ọkọ mi dé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó bi mí léèrè ibi tó ti wá. Mo sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan kan erùpẹ̀ náà, ó fi ìka náà kan iwájú orí rẹ̀.

Òun ni ó gbẹ́ ihò. Àárín tannápoṣó àti lílì ni a gbìn ín sí, mo sì bu omi sí i.

Ìyá Táòfíkì ń sá aṣọ. Ó na ọrùn wò wá. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, koríko lẹ ń gbìn yẹn o!"

"A mọ̀," ọkọ mi wí.